Oríkì Tí Mo Fi Ń Pe Ọmọ Mi

Lọ́jọ́ tí Charles mú wa lọ wo ilé náà, ó kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kí ó tó ṣí i. Ilé tirẹ̀ ni o. Òun ló ni kọ́kọ́rọ́, òun náà ló sì ti sọ fún wa lójúde pé kò sí ẹ̀dá kankan nínú ilé láti ìgbà tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Síbẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dúró díẹ̀, bí ẹni tí ń retí kí wọ́n ní kó wọlé. Èmi tí n kì í lè pa ẹnu mọ́, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Lánlọ́ọ̀dù, ta lẹ fẹ́ kó dá yín lóhùn?"

"Bàbá mi ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, madam," ni ó wí, kò sì wo ojú mi. "Mi ò mọ ìdí ẹ̀ sef. Ó kàn ti mọ́ mi lára ni."

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni. Bàbá àgbà Charles, Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé, tó jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè nígbà ayé òyìnbó, ló kọ́ ọ sí Sabon Gari. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ojú fèrèsé gba ènìyàn jókòó. Ìsàlẹ̀ ni Charles fẹ́ fún wa, torí iṣẹ́ òkè kò tíì parí. Ó ti fi táìlì funfun sílẹ̀ káàkiri, omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé ìdáná, ọ̀dà tuntun ń ta sánsán. Ìparí oṣù Máàṣì ni, ooru Kánò ti ń mú wa gan-an, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn yẹn tutù láìsí fáànù. Mo bọ́ bàtà, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan táìlì, òtútù rẹ̀ gun mí dé orúnkún. Mo yíjú sí Múyìwá, ọkọ mi, mo ní ibẹ̀ ni yàrá Dárasími. Múyìwá ní kí n jẹ́ ká lọ rò ó wò. Mo ní kí ló kù tí a ó rò? Owó ilé náà kò wọ́n, kò sì jìnnà sí hòtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Airport Road. Èmi ni mo ní ká gbà á. Mo fẹ́ kí ẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé èmi ni.

Dárasími nìkan ni ọmọ tí a bí. Ọmọ ọdún méje ni. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ Sabon Gari, ó ń gbọ́ Yorùbá, kò sì sọ ọ́. Tí mo bá ní, "Dárasími, wá jẹun," á ní, "To, Mama, ina zuwa," pé òun ń bọ̀. Tí mo bá bá a jà, á bọ́ sí Pidgin. Ní Kérésìmesì tó kọjá, a lọ sí Òṣogbo lọ́dọ̀ ìyá Múyìwá. Ọmọ náà dúró ṣánṣán níwájú ìyá àgbà, ó fi Hausa kí i pé, "Ina kwana." Ìyá ọkọ mi kò wo ọmọ, èmi ló wò. Ó ní, "Bọ́sẹ̀dé, ẹ ti sọ ọmọ yìí nù sí Kánò." Gbogbo ẹbí ló gbọ́ ọ. Nígbà tí a ń padà, mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí a fi kọjá Ìlọrin. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé kí ọmọ mi sọ èdè mi.

A ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nílé tuntun. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní pálọ̀, mo ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, torí iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn. Dárasími jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, màámi."

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Ọmọ tí kì í kúnlẹ̀ àfi tí nǹkan bá bọ́ sábẹ́ àga! Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kawata ce," ó dáhùn, pé ọ̀rẹ́ òun ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kò gbọ́ Hausa rárá, Yorùbá nìkan ló ń sọ, ni àwọn méjèèjì wá ń kọ́ ara wọn. Mo rò pé ọmọ ilé kejì ni, tàbí ọmọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sáré padà sínú yàrá, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan pé, "Mama ta ce sannu." Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi dìde lọ wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Kí oṣù Épírì tó parí, Yorùbá ti ń dà lẹ́nu ọmọ náà. Kì í sì í ṣe Yorùbá tèmi. Àkàsọ̀ ló ń pe àtẹ̀gùn, fìtílà ló ń pe gílóòbù iná. Ọjọ́ kan ó ní kí n fún òun ní tọ́rọ́ kí òun fi ra ẹ̀pà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, torí owó tí wọ́n ti pa tì kí wọ́n tó bí mi ni tọ́rọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á lọ jókòó sójú fèrèsé, á máa wo ìhà ibùdókọ̀ rélùwéè. Á ní, "Ṣé rélùwéè kò tíì fọn fèrè ni? Bàbá mà pẹ́ lónìí o." Bẹ́ẹ̀ Múyìwá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Múyìwá fà mí sínú ilé ìdáná. Ó rọra ní, "Bọ́sẹ̀, ta ló ń kọ́ ọmọ yìí?"

Mo ní, "Ìwọ sáà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Mo ká ohùn ọmọ náà sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí Òṣogbo. Ìyá ọkọ mi pè padà, ó ń sunkún, ó ní ó dà bíi pé ìyá ìyá òun ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ náà, mo ń yan nínú ilé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ oríkì dé. Nílé wa, ìyá kì í ṣàdédé jí ọmọ rẹ̀ obìnrin láàárọ̀. Oríkì ni yóò fi pè é, yóò sì máa pè é títí orí ọmọ náà yóò fi wú. Ṣùgbọ́n Dárasími kò ní oríkì. Ìyá mi ti kú kí n tó bí i, ìyá Múyìwá kò sì rí ọ̀nà wá nígbà ìsọmọlórúkọ, torí ọ̀nà Kàdúná kò dára nígbà náà. Ọjọ́ kẹjọ kọjá, kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀ tó rántí. Mo bọ́ sínú yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó ti jókòó sétí ibùsùn.

Ó ní, "Màámi, ẹ kì í fi oríkì jí mi."

"O ò ní oríkì, ọmọ mi. A gbàgbé ni."

"Mo ní," ó wí. "Àwẹ̀ró ni."

Ẹ gbọ́ mi. Kò sí ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ irú èyí lẹ́nu ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò ní yá gágá. Mo gbà pé orí ọmọ náà ló yan oríkì fún ara rẹ̀. Mo gbá a mọ́ra, mo pè é, "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró mi, ṣé o jí ire?" Ara rẹ̀ gbóná lọ́wọ́ mi nínú yàrá tútù yẹn. Ó fi ojú pamọ́ sí àyà mi, n kò rí ẹnu rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Dárasími tó ní, "Ni ba Àwẹ̀ró ba ce," pé òun kọ́ ni Àwẹ̀ró. Ohùn náà wá láti ìsàlẹ̀ díẹ̀, bíi pé láti ẹ̀bá ẹsẹ̀ mi. Mo rò pé ọmọ náà ń fi mí ṣeré ni. Mo ní, "Ṣebí a ti kúrò nídìí Hausa? Yorùbá ni kí o fi dá mi lóhùn. N kò fẹ́ gbọ́ Hausa yẹn mọ́ nínú ilé yìí."

Ohùn náà dákẹ́. Mo tún pe Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ tí mo gbá mọ́ra sì gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀n, màámi."

Àràárọ̀ ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí Hausa kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kò jẹ Indomie mọ́, kò sì bèèrè fóònù mọ́. Ọrùn rẹ̀ gan, bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ló fi ń yí padà wò mí. Mo fi òróró gbígbóná ra á. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ní òun kò rí nǹkan kan. Mo ní bóyá ọ̀nà tó gbà sùn ni.

Alhaja Nurat ló la ojú mi. Òun ni ìyá arúgbó tó ń gbé òdìkejì wa, Sabon Gari ni wọ́n bí i sí. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo ń sá aṣọ síwájú ilé, ó ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Mo kígbe sínú ilé pé, "Àwẹ̀ró! Wá bá mi mú aṣọ yìí." Búùtà bọ́ lọ́wọ́ Alhaja. Mo rí i tí omi ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, kò sì gbé e. Ó rìn kọjá títì wá bá mi láìwọ bàtà.

"Kí lo pè é?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé ohùn sókè.

"Àwẹ̀ró ni, Alhaja. Oríkì ọmọ mi ni."

"Ta ló fún un?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, mà."

"Subhanallahi." Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ẹgbẹ́ mi ni Àwẹ̀ró. Ọmọ Bàbá Ṣótúndé ni. Inú ilé yìí la ti jọ ń ṣeré. Lọ́dún tí sánkárau, àìsàn ọrùn gígan, jà ní Kánò, òun ló mú un. Ọrùn rẹ̀ gan báyìí, kò lè yí i. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ọmọ ọdún méje ni."

Alhaja ń bá tirẹ̀ lọ.

"Ìwọ náà mọ̀ pé wọn kì í fi sàréè ọmọ han ìyá tó bí i. Wọ́n sọ fún ìyá Àwẹ̀ró pé itẹ́ òkú ni wọ́n gbé e lọ. Irọ́ ni. Òkú pọ̀ nígboro lọ́dún náà, ojú ọ̀nà kò ṣeé rìn. Yàrá ẹ̀yìn ni Bàbá Ṣótúndé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti rélùwéè sin ín sí, wọ́n sì rẹ́ ilẹ̀ lé e lórí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún obìnrin náà, ṣùgbọ́n inú yàrá yẹn ló kó ẹní rẹ̀ lọ. Àràárọ̀ ló ń fi oríkì jí ọmọ rẹ̀, ó lé ní ogójì ọdún, títí òun náà fi kú."

Mo ní, "Ṣé ó ń dá a lóhùn?"

"Mo gbọ́ ọ létí mi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá kú, kò sí ẹni tó ń pè é mọ́. Ẹni tó bá fi oríkì rẹ̀ jí i, òun nìyá rẹ̀. Ìwọ lo jí i. O sì jí i dáadáa."

"Ọmọ tèmi wá ńkọ́, Alhaja?"

Ó ní kí n wọlé lọ pe ọmọ mi ní orúkọ tí mo sọ ọ́.

Ọmọ náà wà ní pálọ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń ká aṣọ. Mo ní, "Dárasími." Kò wò mí. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Mo wá rọra sọ ọ́, débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ: "Àwẹ̀ró." Gbogbo ara rẹ̀ yí padà. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀n, màámi."

Ó yẹ kí n wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Ó yẹ kí n fi etí lé táìlì yẹn, kí n máa pariwo orúkọ ọmọ mi títí yóò fi jáde. Kò sí ọjọ́ kan tí n kò rò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo kàn gbá ọmọ tí ojú mi rí mú, mo sì sá jáde. Mo rò pé àìsàn ilé náà ni, pé bí a bá ti kúrò níbẹ̀, yóò fi ọmọ mi sílẹ̀. Múyìwá bá wa lójú títì nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Kò bi mí ní ìbéèrè méjì. Lọ́jọ́ kejì, a kó lọ sí Yankaba. Bí mo ṣe gbé ọmọ náà sínú adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wá gbé wa, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, màámi."

Oṣù márùn-ún rèé. Ọrùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó sanra. Pásítọ̀ gbàdúrà lé e lórí, ọmọ náà ló ṣe àmín jù. Ìyá ọkọ mi wá láti Òṣogbo, ó lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa, ó ní irú ọmọ yìí ṣọ̀wọ́n lóde òní. Múyìwá ní ooru ló dà mí lórí rú nígbà náà, kí n yé dárúkọ ilé yẹn. Èmi ni mo ń dirun rẹ̀, èmi ni mo ń fọ aṣọ rẹ̀. Ọmọ náà kò ṣe mí ní ibi kankan, ó sì fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku àwa méjèèjì nílé, mo máa ń sọ "Dárasími" lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tí kò ní nǹkan méjì í ṣe. Títí di òní, kò tíì wẹ̀yìn rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Wùnmí mú ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí mo gbà kí n wọ̀n ọ́n fún yunifọ́ọ̀mù. Oyin lorúkọ ọmọ náà, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Wùnmí ní Ìbàdàn ni wọ́n ti wá, pé wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ òun wá sí Kánò, kò tíì pé oṣù méjì. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni.

"Ẹ wo Oyin yìí, Àǹtí," ó wí. "Èmi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń na ọjà ní Kantin Kwari, òun ti ń fi Hausa bá mi jà. Ó mà kúkú wù mí o. Ó wù mí kí ó tètè mọ́ra níbí."

Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn ọmọ náà. Mo ní, "Oyin, ta ló ń kọ́ ẹ ní Hausa?"

"Dárasími ni," ó dáhùn. "Ó wà nínú yàrá mi, nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó máa ń sunkún tẹ́lẹ̀. Kò sunkún mọ́."

Wùnmí rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọdé àti eré wọn. Mo bi í níbi tó ń gbé, ó dárúkọ títì náà, ó ní ilé àtijọ́ kan ni tí Charles tún ṣe dáadáa. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi jókòó ní kọ̀rọ̀, ó ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo. Ó dìde, ó wá di etí ìró mi mú.

"Màámi," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ má lọ."

Kò sí ẹni tó tíì dárúkọ ìrìn-àjò. Mo tú ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, mo fà á lé aládùúgbò mi lọ́wọ́. Mo sọ fún Wùnmí pé màá bá a dé ilé lọ wọn fèrèsé rẹ̀, kí n lè rán kọ́tìnì fún un, pé n kò ní gba owó. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń dúpẹ́ títí a fi dé Sabon Gari.

Nígbà tó lọ gbé omi fún mi nínú ilé ìdáná, mo wọ yàrá ẹ̀yìn. Oòrùn ọ̀sán wà lójú fèrèsé, gbogbo yàrá mọ́lẹ̀ kedere. Bèbí Oyin wà lórí táìlì, ẹnì kan ti tò ó sójú kan pẹ̀lú ìkòkò ìṣeré. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé ẹnu mi súnmọ́ ilẹ̀ tútù náà, mo sì fi Hausa tí mo ti lé kúrò lẹ́nu ọmọ mi bá a sọ̀rọ̀.

"Dárasími."

"Na'am," ó jẹ́ mi. Ohùn ọmọ mi ni. Kò jìnnà rárá.

Mo ní, "Mama ce. Na zo." Mo ń sọ fún un pé Màmá ni, pé mo ti dé.

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lábẹ́ táìlì, mo ń gbọ́ Wùnmí tó ń fọ ife nínú ilé ìdáná. Mo tún sọ ọ́, omijé mi ń bọ́ sílẹ̀. Nígbà náà ni ó rọra bi mí, tìtìjú-tìtìjú, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ń bá àlejò sọ̀rọ̀:

"Wace Mama?"

Ó ń bi mí pé, màmá wo?